Àpò Ọrẹ Kì Í Ṣe Àpò Ọjà: Ohun tí Mo Rí Kọ́ Lọ́dọ̀ Àwọn Oníṣòwò Iléṣà

Ìwé owó ni mò ń bá àwọn oníṣòwò tọ́jú ní Iléṣà: olóògùn, oníbúrẹ́dì, àwọn tó ń ta sìmẹ́ǹtì àti páànù, àwọn tó ní ilé epo. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tó rọ lójú mi, púpọ̀ ni olè kò jà, tí ọjà kò sì kùtà níbẹ̀. Owó tó yẹ kó padà lọ ra ọjà ló ń jáde díẹ̀díẹ̀ sí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, sí wòlímọ́tù, sí ìfinijoyè, sí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò, tí wọn kò sì kọ ọ́ síbì kankan. Bí ọdún bá parí, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù á ní òun tọrẹ púpọ̀, àmọ́ kò ní lè sọ iye rẹ̀, kò sì ní lè nàka sí ohun kan nílùú pé èyí ni owó náà ṣe.

Ta ni yóò kọ́ Ìjẹ̀ṣà ní ìtọrẹ? Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe, ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934. Owó tí a bá fi irú ọ̀nà yẹn dá jọ ní akápò, ó ní ìwé, ohun kan pàtó ló sì wà fún. Ohun tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù lónìí yàtọ̀ sí i. Ìwé ìpè ló ń wọlé, lọ́tùn-ún lósì, oníkálukú pẹ̀lú iye tirẹ̀. Àwọn òṣómàáló ayé ọjọ́un á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n ní owó aṣọ, wọn kò ní dìde títí wọn ó fi gbà á. Ọmọ-ọmọ wọn wá ń fún ẹni tí kò mọ̀ rí ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà láìbéèrè rìsíìtì.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe pẹ̀lú oníṣòwò tó bá fẹ́ kí ọrẹ rẹ̀ létò ni láti ya àpò mẹ́ta sọ́tọ̀: àpò òun fúnra rẹ̀, àpò ọjà, àti àpò ọrẹ. Àpò òun fúnra rẹ̀ ni owó oṣù tó ń san fún ara rẹ̀. Ẹni tí kì í san owó oṣù fún ara rẹ̀, tó kàn ń ṣí dúróò tí ó bá ti nílò owó, kò tíì lè ṣètò ọrẹ kankan. Kó kọ́kọ́ mójú tó ìyẹn ná. Nínú àpò tirẹ̀ ni ìdámẹ́wàá ti ń jáde, inú rẹ̀ náà ni sàráà àti owó ẹbí ti ń wá. Sàká Mùsùlùmí ní ìṣirò tirẹ̀, ìdá méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, lórí ọjà àti owó tó bá ti lo ọdún òṣùpá kan lọ́wọ́ tó sì dé ìwọ̀n. Ọ̀ranyàn lọ́rùn ẹni tó ni ọjà ni, àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i sì yé gbogbo aláàfáà. Ẹ má kà á mọ́ ọrẹ ilé-iṣẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọrẹ ilé-iṣẹ́ rọ́pò rẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ àpò tí ọrẹ kan ti yẹ kó jáde? Ìwọ̀n kan ni mo ń lò, kò sì tíì já mi kulẹ̀: orúkọ ta ni wọ́n máa pè lórí máíkì? Bí wọ́n bá máa pè é ní “Alága Ọjọ́ Òní, Olóyè Báyìí-báyìí”, ẹni náà ni wọ́n ń bọlá fún, owó rẹ̀ ni kó fi gba ọlá náà. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù ló máa wà lára báńà níbi ọdún Ìwúde Ìjẹ̀ṣà, ìpolówó nìyẹn, abẹ́ ìpolówó ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ohun tí kò bá mú nǹkan kan padà wá fún ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀bù, tó jẹ́ pé ará ìlú nìkan ló jèrè rẹ̀, òun gan-an ni ọrẹ. Tí a bá fi ìwọ̀n yìí yẹ ọrẹ ọdún kan wò, àwọn oníṣòwò máa ń rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n pè ní ọrẹ, ọlá ni wọ́n fi rà. Mi ò sọ pé kí wọ́n má ra ọlá o. Kí wọ́n kàn má fi owó sìmẹ́ǹtì rà á.

Ó wá kan iye. Ohun tó ń kó wọn sí wàhálà ni bíbu ọrẹ lára owó tó wọlé dípò èrè. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ṣọ́ọ̀bù kan ta ọjà mílíọ̀nù mẹ́fà náírà lóṣù. Lẹ́yìn owó ọjà, owó òṣìṣẹ́, owó ilé, iná àti ọkọ̀, ₦480,000 ló kù. Bí ó bá ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé ni ọrẹ òun, ₦60,000 nìyẹn, ìdá kan nínú mẹ́jọ èrè. Oṣù tó tẹ̀lé e kò dára, mílíọ̀nù mẹ́rin ló tà, ṣùgbọ́n owó ilé àti owó òṣìṣẹ́ kò dín kù, ₦120,000 péré ló ṣẹ́kù. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti di ₦40,000, ìdá kan nínú mẹ́ta èrè. Àárín oṣù méjì, ọrẹ kan náà ti ń fa ṣọ́ọ̀bù lọ́fun. Bí ó bá jẹ́ lára èrè ló ti ń bu ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ₦24,000 ni ì bá bù lóṣù tó dára, ₦6,000 lóṣù tí kò dára, ọrùn ò sì ní wọ̀ ọ́.

Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń ní kí wọ́n máa ṣe ìṣirò náà, kì í ṣe oṣooṣù, nítorí oṣù kìíní ọdún àti ìgbà tí ọmọ ń wọlé sílé-ìwé kì í dọ́gba pẹ̀lú oṣù Kérésìmesì. Bí èrè oṣù mẹ́ta bá jẹ́ ₦900,000, ₦45,000 á lọ sí àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí wọn kò gba káàdì fún. Lọ́dún, bíi ₦180,000 nìyẹn. Ẹ pín in sí mẹ́ta: ìdajì, ₦90,000, fún iṣẹ́ kan tí ẹ ti pinnu ṣáájú, ₦54,000 fún ìwé ìpè, ₦36,000 fún ìjàǹbá bí iná ọjà, ìjì tó ṣí páànù ilé-ìwé, tàbí òṣìṣẹ́ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Ẹ wo ₦54,000 yẹn dáadáa. Tí a bá pín in sí oṣù méjìlá, ₦4,500 ló kàn oṣù kan. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta mílíọ̀nù mẹ́fà lóṣù, ohun tí agbára rẹ̀ ká fún gbogbo ìwé ìpè oṣù kan kò tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ìwé tó wà lórí tábìlì rẹ̀ ń béèrè ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún. Ibi tí ojú oníṣòwò ti máa ń là nìyí, tí yóò ní kí n tún ìṣirò náà ṣe. Mo máa ń tún un ṣe. Iye kan náà ló ń jáde.

Nítorí náà ìwé ìpè gbọ́dọ̀ ní òfin. Ẹ ra ìwé ńlá onílà kan. Ọjọ́ tí ìwé dé, ẹni tó mú un wá, ẹgbẹ́ tó rán an, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, iye tí wọ́n béèrè, iye tí a fún wọn, nọ́ńbà rìsíìtì. Ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́ta máa jókòó lé e lórí lẹ́ẹ̀kan lóṣù: ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, akápò ṣọ́ọ̀bù, àti ẹnì kan láti ìta tí kò bá wọn ṣe ẹbí, bí olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Àǹfààní tó ga jù nínú ìgbìmọ̀ yìí ni pé ọ̀gá lè sọ òtítọ́ fún ẹni tó wá pé kì í ṣe òun nìkan ló ń pinnu. Ṣáájú ìgbà yẹn, ojú lásán ló ń tì í tó fi ń ki ọwọ́ bọ àpò.

Ohun tí ìgbìmọ̀ máa béèrè kò le. Ṣé ẹgbẹ́ náà ní àkáǹtì lórúkọ ara rẹ̀, tí ẹni méjì ń fọwọ́ sí? Ṣé wọ́n kọ iye tí iṣẹ́ náà máa gbà sílẹ̀, ohun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú owó tirẹ̀? Ta ló tún fún wọn lówó? Ẹgbẹ́ tó bá ní kí ẹ fi owó sí àkáǹtì akọ̀wé nítorí pé bánkì ń yọ ẹgbẹ́ lẹ́nu, ẹ ní kí wọ́n lọ parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú bánkì ná. Ìwé gbọ́dọ̀ dé ní ọgbọ̀n ọjọ́ ó kéré tán kí ayẹyẹ tó pé. Òfin kékeré yìí nìkan ń dín ìwé ìpè kù púpọ̀, torí àwọn tó ń pín ìwé káàkiri ní ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ọ̀nà tí a ń gbà sọ pé kò sí náà ṣe pàtàkì, pàápàá bí àgbà ìlú bá wá fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tó ń tajà dá a lóhùn. Ẹ fún un ní àga, ẹ fún un lómi, kí ẹ wá sọ ọ́ bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́: “Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, bàbá wa. A ti rí ìwé yín, a sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ 25 oṣù ni ìgbìmọ̀ wa máa ń jókòó. Ohun tí ọwọ́ wa bá ká, inú àkáǹtì ẹgbẹ́ la ó fi í sí, a ó sì pè yín.” Kí ẹ sì pè é lóòótọ́, yálà owó wà tàbí kò sí. Àìpeni padà ló ń di ọ̀tá láàárín ìlú, kì í ṣe àìfúnni.

Ẹ̀jẹ́ orí máíkì wá ńkọ́? Ẹ yẹra fún un pátápátá. Ẹni tó gba máíkì, tí onílù ń kì í ní oríkì baba rẹ̀, kì í rántí ₦4,500. Ó máa kéde igba ẹgbẹ̀rún, ó máa san àádọ́ta, àwọn tó kù yóò sì máa fi ìyókù bú u títí ọdún yóò fi yípo. Ẹ fi owó ránṣẹ́ kí ayẹyẹ tó dé, kí ẹ mú rìsíìtì lọ síbẹ̀. Ẹni tó ti san owó tẹ́lẹ̀, ìjókòó rẹ̀ níbẹ̀ á dùn ún ju ti ẹni tó ń ṣe ìṣirò lábẹ́ agbádá lọ.

Ọ̀rọ̀ ìjọba ò pọ̀, mo kàn máa kọjá lórí ẹ̀. Lábẹ́ òfin owó orí ilé-iṣẹ́ tí a lò títí di òpin 2025, ọrẹ tí a fún àwọn àjọ tí òfin dárúkọ nìkan la lè yọ kúrò nínú èrè, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún èrè lọ. Òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2026. Ẹ jẹ́ kí oníṣirò yín fi í wo ọ̀rọ̀ yín. Ilé-iṣẹ́ kékeré tí òfin ti yọ nínú owó orí, kò sí ohun tí ọrẹ máa dín kù fún un, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn tàn yín láti fún òun lówó. Ti òṣèlú yàtọ̀ o. Abala 43 nínú òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020 kò gba ilé-iṣẹ́ láyè láti fún ẹgbẹ́ òṣèlú lówó tàbí ẹ̀bùn, àwọn tó bá sì fọwọ́ sí i ló máa dá owó náà padà láti àpò ara wọn, pẹ̀lú ìtanràn. Nítorí náà, nígbà tí ìbò bá ń bọ̀, tí wọ́n ní kí ẹ bá àwọn pín ìrẹsì, ẹ mọ ohun tí ẹ ó sọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ₦90,000 tó wà fún iṣẹ́. Ohun tí gbogbo oníṣòwò ń fẹ́ ṣe ni kànga dẹ̀rọ, kí wọ́n kọ orúkọ wọn sára táǹkì. Mo ti bá wọn kọ owó kànga tó pọ̀ sínú ìwé, mo sì ti rí iye tó kú nínú wọn. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo kò nílò láti gbẹ́ kànga tuntun. Èyí tó ti kú ló yẹ kó jí. Iye rẹ̀ á bá àpò mu, àwọn ará àdúgbò á sì ti mọ̀ dájú pé omi wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ tuntun, ẹ yẹ kànga náà wò bí ó ṣe tẹ̀ léra. Iná ló ṣáájú: ẹ fi mítà wọn fóltéèjì nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe nígbà tó wà ní pípa. Ẹ̀rọ inú kànga tí wọ́n ṣe fún fóltì 220 sí 240, bí iná bá ń wálẹ̀ dé 170, yóò máa fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, yóò gbóná, wáyà inú rẹ̀ yóò jó. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí àpótí tó ń darí ẹ̀rọ, ẹ wo kapásítọ̀, èyí tó ń ran ẹ̀rọ lọ́wọ́ láti gbéra. Nǹkan kékeré ni, owó rẹ̀ kéré, síbẹ̀ mo ti rí àdúgbò tó ń pọnmi láti odò fún oṣù púpọ̀ nítorí rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn rò pé ẹ̀rọ ló kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wáyà tó wọ inú kànga, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sì wá kẹ́yìn, torí fífà á jáde gba òṣìṣẹ́ àti ọjọ́ kan gbáko. Bí ẹ bá wá fà á jáde, ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ jù ú sínú kànga, ẹ wọn ibi tí omi wà. Bí ó bá jẹ́ oṣù kìíní sí oṣù kẹta ni ẹ wọ̀n ọ́n, òótọ́ ni kànga ń sọ fún yín. Omi oṣù kẹsàn-án máa ń purọ́.

Orí àpáta ni Iléṣà àti àyíká rẹ̀ wà. Inú ibi tí àpáta ti sán ni omi ń gbà wá, kì í ṣe inú iyanrìn. Ìdí nìyẹn tí kànga méjì tí kò jìnnà síra fi lè jẹ́ pé ọ̀kan kún, ìkejì gbẹ, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ tuntun fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sanwó fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò. Ó tún túmọ̀ sí pé omi lè máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá yára fà á ju bó ṣe ń wọlé lọ, ẹ̀rọ á máa yí lórí gbígbẹ, yóò sì jó. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ kó fi ohun tó ń pa ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sí i bí omi bá lọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í fi í sí i àfi tí a bá béèrè.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ fọ kànga kí ẹnikẹ́ni tó mu nínú rẹ̀. Kànga tó fẹ̀ tó ínṣì mẹ́fà ń gba bíi lítà 18 omi ní mítà kọ̀ọ̀kan. Bí omi inú rẹ̀ bá jẹ́ mítà 40, bíi lítà 730 nìyẹn. Bíi gíráàmù 55 kẹ́míkà kilorín oníyẹ̀fun, irú èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ló máa tó o. Ẹ pò ó mọ́ omi nínú garawa ike, ẹ dà á sí i, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kí ẹ wá fa omi dànù títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ kànga tó mítà 30. Ní ìhà Itagunmodi àti àwọn abúlé mìíràn tí wọ́n ti ń wa góòlù, ẹ má fi fífọ̀ nìkan tẹ́ ara yín lọ́rùn. Ẹ gbé omi lọ fún àyẹ̀wò òjé àti mákúrì, torí kilorín kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Gbogbo ìyẹn, ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ni. Ohun tó ń pa kànga ni ọjọ́ 364 tó kù. Ta ló máa ra táàpù tuntun? Nígbà tí orúkọ oníṣòwò bá wà lára táǹkì, gbogbo ènìyàn á gbà pé òun ni. Nítorí náà, kí omi tó dé, ẹ jẹ́ kí àdúgbò yan ẹni mẹ́ta, kí wọ́n sì fi owó díẹ̀ lé omi. Táǹkì lítà 2,000 jẹ́ kẹ́ẹ̀gì 80 ti lítà 25. Ní ogún náírà lórí kẹ́ẹ̀gì, ₦1,600 nìyẹn lórí táǹkì kan. Bí wọ́n bá ń ta táǹkì kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 26, ₦41,600 ni. Ẹ gbà pé ìdajì ènìyàn kò ní san, ₦20,800 ṣì ń wọlé lóṣù, ó tó ra táàpù, kapásítọ̀, kí ó sì ṣẹ́kù sílẹ̀ de ẹ̀rọ tó ń bọ̀ wá kú. Ìyá tó ń tajà níwájú táàpù gan-an ni kọ́kọ́rọ́ yẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe alága àdúgbò tó ń lọ Ìbàdàn lọ́sẹ̀ méjì méjì. Bí ẹ bá lè fi sólà sí i, ẹ má ra bátìrì: kí oòrùn máa fa omi sókè lọ́sàn-án, táǹkì tó wà lókè á fún wọn lómi lálẹ́. Bátìrì ni olè máa ń kọ́kọ́ jí, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Ẹ má gbàgbé ìwé ilẹ̀. Kànga tó wà lórí ilẹ̀ ẹbí kan, ẹbí náà lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá wọn bá kú. Ní abúlé, ẹ lọ rí Lọ́jà, olórí abúlé, kí ìwé àdéhùn ní ìbuwọ́lù ẹbí àti ti tirẹ̀, kí òṣìṣẹ́ yín má sì fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀ kí ìyẹn tó parí.

Ẹni tó bá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, ìṣirò tirẹ̀ tún yàtọ̀. Ọmọ tí ẹ bá gbà láti kíláàsì àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì, ọdún mẹ́fà ni ẹ gbà. Ẹ ṣe owó ọdún kan ní ìlọ́po mẹ́fà kí ẹ tó sọ̀rọ̀, pẹ̀lú owó ìdánwò àṣekágbá. Ṣọ́ọ̀bù tó gba ọmọ mẹ́wàá lọ́dún kan tó sì já wọn sílẹ̀ lọ́dún kejì, ó sàn kó má gba ẹnikẹ́ni, torí òbí ti ná owó tó yẹ kó tọ́jú sórí nǹkan mìíràn. Ọmọ kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé ni kí ẹ san owó fún, kì í ṣe òbí. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ̀wédowó ńlá onípáálí kí wọ́n máa ya á ní fọ́tò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í gbàgbé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù, tí ₦90,000 sì lè bẹ̀rẹ̀, ni ti àwọn ọmọ iṣẹ́. Ọmọ tó kọ́ ìránṣọ fún ọdún mẹ́ta, tó ti ṣe fíríìdọ̀mù, ló ń padà jókòó sílé nítorí kò ní ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, irin iṣẹ́ nìkan ni kò sí. Ẹ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ yan ọmọ náà ní oṣù mẹ́fà ṣáájú fíríìdọ̀mù, kí ẹ ra irin iṣẹ́ dípò kí ẹ fún un lówó, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọdún kan gbọ́dọ̀ pé kó tó lè tà á. Ẹ padà yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù kẹta lẹ́yìn tó gbà á. Oṣù kẹta ni wọ́n máa ń tà á.

Ọrẹ kan wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ gba owó, tí àwọn oníṣòwò kì í sì rò sí: ẹ̀jẹ̀. Ilé ìwòsàn Wesley Guild ń gba aláboyún àti ẹni tí mọ́tò gbá láti gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹbí aláìsàn ló sì ń sáré kiri wá ẹni tó máa fún wọn ní ẹ̀jẹ̀. Òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tí ara wọn le, tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 18, tí ìwọ̀n wọn kò dín sí kílò 50, lè lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́rin mẹ́rin. Bíi mílílítà 450 ni wọ́n ń gbà lára ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fún wọn ní ìdajì ọjọ́, ọkọ̀, ohun mímu àti búrẹ́dì, kí ẹ má fi ipá mú ẹnikẹ́ni, kí ẹ má sì béèrè ìdí tí ẹnì kan kò fi lọ: wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún HIV àti mẹ́dọ̀wú, ọ̀rọ̀ ara onítọ̀hún nìyẹn. Bí ẹ bá sì fẹ́ san owó ìtọ́jú aláìsàn tí kò ní, ẹ gba ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re ilé ìwòsàn lọ, kí owó wọ ilé ìwòsàn tààrà, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ti ẹni tó ń fi ọjà tọrẹ kò gùn. Iye tí ẹ rà á ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kì í ṣe iye tí ẹ ń tà á. Oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ kù díẹ̀ kó parí kì í ṣe ọrẹ. Ẹni tó ní òun ó dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò.

Àwọn kan máa ń bi mí nípa dídá àjọ ọrẹ sílẹ̀ lórúkọ ara wọn. Ó lójú ìwé púpọ̀: ìforúkọsílẹ̀ àwọn alámòójútó lọ́dọ̀ CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀), ìkéde nínú ìwé ìròyìn méjì pẹ̀lú ọjọ́ 28 fún ẹni tó bá fẹ́ takò ó, ìwé SCUML (ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣọ́ owó àìmọ́) kí bánkì tó ṣí àkáǹtì, àti ìròyìn tí ẹ ó máa fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún. Fún ọrẹ ₦180,000 lọ́dún, ìwé á jẹ owó tán kí ọrẹ tó jáde. Ẹ gba inú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tàbí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ tó ti wà nílẹ̀ lọ, kí ẹ fi orúkọ iṣẹ́ kan pàtó sára owó náà.

Bí ẹ bá ní ẹ̀ka ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ fi ti ibẹ̀ sọ́kàn lọ́tọ̀. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tó wáyé láàárín 1997 sí 2000 ṣì wà nínú ọkàn àwọn tó là á já. Ohun tí ẹ bá ṣe fún apá kan, apá kejì á kà á, á sì wọ̀n ọ́n. Ẹ kọ ìlànà tí ẹ fi ń yan ibi tí ọrẹ ń lọ síta, bóyá iye ọmọ tó wà nílé-ìwé tàbí bí omi ṣe jìnnà tó, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó yan ibi kankan. Tí ìlànà bá ti wà nílẹ̀ ṣáájú, kò sẹ́ni tó máa ní ẹ̀yìn ìgbà náà lẹ wá a.

Ọdún àwọn oníṣòwò tó ti wà létò lọ́dọ̀ mi ń lọ báyìí. Oṣù kìíní, a ka èrè ọdún tó kọjá, a mọ iye tó wà nínú àpò. Oṣù kejì àti ìkẹta, iṣẹ́ omi, bí omi bá ni iṣẹ́ ọdún náà. Oṣù keje, a yan ọmọ ilé-ìwé. Oṣù kẹsàn-án, a san owó. Láti oṣù kẹwàá, ìwé ìkórè á bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé, ti Ìwúde á sì dà lé e. Ìwé tó bá dé lẹ́yìn ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá, a kì í dá a padà. Ojú ewé ọdún tó ń bọ̀ la ń kọ ọ́ sí, a ń kọ ọjọ́ tó dé sí iwájú rẹ̀, a sì ń ṣí ìwé náà kí ẹni tó mú un wá fojú ara rẹ̀ rí i.